Ìyá Onírọ̀rí àti Èémí Ọmọ́níkẹ́

Ẹni tó bá sùn lórí ìrọ̀rí líle ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́dún 1976, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni, torí Abọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òwú àràbà ló ń kì sínú ìrọ̀rí, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá débi pé láti ọjà Tejúoṣó ni àwọn ìyàwó tuntun ti ń wá rà á. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́: ikọ́ fée tó ń da Ọmọ́níkẹ́ láàmú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ọmọ náà á sáré díẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó fà á: òtútù ni. Abọ́sẹ̀dé náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fòfin de eré sísá, ó ń wọ súwẹ́tà fún ọmọ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ síbi tó móoru jù nínú ilé, ìyẹn yàrá tó ń kó òwú sí. Bí ikọ́ náà ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń sún ẹní ọmọ mọ́ òwú. Ìfẹ́ ni o, ẹ má bú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èémí ọmọ há débi tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí oògùn ti mú àyà rẹ̀ rọlẹ̀, Sístà Ethel, nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ibo lọmọ ń sùn, ṣé èéfín wà nílé, ṣé ó máa ń ṣe é tó bá lọ sí ìlú yín? Abọ́sẹ̀dé ní ọmọ náà lo oṣù kan gbáko ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìsinmi, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kò wúkọ́ rárá.

Sístà na ọwọ́, ó mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òwú kan lórí gèlè Abọ́sẹ̀dé.

"Òtútù ìlú kò ṣe é ní nǹkan, ìyá. Èyí ńkọ́?"

Abọ́sẹ̀dé wo òwú náà títí. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà! Ó dùn ún, inú rẹ̀ sì dùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Sístà ní ohun tó ń fa ti ọmọ kan lè má fa ti òmíràn. Ó fún wọn ní agolo kékeré tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ ká ọmọ lẹ́sẹ̀ kò: kó fọ́n oògùn, kó wá sáré.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, Àkàngbé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ti kan àtíbàbà sétí títì. Gbogbo òwú kó jáde nílé lọ síbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kì í sì í fọwọ́ kan ọmọ mọ́ láìjẹ́ pé ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pe Ọmọ́níkẹ́ sórí ìlà ní ìdíje eré sísá ilé-ìwé. Ó ti fọ́n oògùn rẹ̀. Fèrè dún, ọmọ fò jáde, ìyá náà fò jáde, ó ń bá a sáré létí pápá, agolo lọ́wọ́, ìró ìdí rẹ̀ ń tú, ó ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀. Ṣé àyà yẹn á gbà á? Ó gbà á o! Ipò kẹta ni Ọmọ́níkẹ́ gbà.

Nígbà tó yíjú, ìyá rẹ̀ ló bá nílẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì í, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Màámi, ẹ rọra mí. Èmi ni mo sáré."