Ọjọ́ Tí Ẹṣin Bàbá Onílé Jẹ Àgbàdo Yó

Kùrúmù, kùrúmù, bí ẹni ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìró yẹn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, nílé tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn Apákun l'Ékòó, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìséyìn dé bí ìyàwó. Mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àṣé ẹṣin bàbá onílé ti já okùn, ó ti ki orí bọ àpò àgbàdo ìyá ológì tá a jọ ń gbélé, ó sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Láti kékeré ni bàbá ti ń fẹ́ ní ẹṣin. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà ló tó rí i rà, ó sì máa ń gùn ún lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àjàó. Bó ṣe rí àpò yẹn, ó rọ̀ mọ́ ẹṣin lọ́rùn. "Ẹ gbà mí o! Àgbàdo á wú nínú ẹ̀, á pa á!"

Ìyá ológì fẹ́ bínú. "Ọ̀kánjúwà baba àrùn," ló wí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí omi lójú bàbá, òun náà ló fa àpò kúrò. Èmi tí mo gbà pé ará Èkó kò mọ nǹkan kan nípa ẹran, mo ti gbé ìgò epo pupa dé. Ohun tí à ń ṣe nílé nìyẹn bí ewúrẹ́ bá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ jù. Bàbá ti pe dókítà ẹran, mo sì bọ́ sídìí fóònù.

"Dókítà, ṣé kí n da epo sí i lẹ́nu?"

"Rárá o, àǹtí! Ẹ má rọ ọ́ ní nǹkan kan, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má sì fún un lóúnjẹ mọ́. Mò ń bọ̀. Àmọ́ àgbàdo yẹn lè ba pátákò rẹ̀ jẹ́, kó yarọ. Ẹ wá yìnyín, ẹ kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀."

Yìnyín kẹ̀! Ni gbogbo ilé bá ń ṣí firísà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba báàfù tirẹ̀, títí kan èyí tí ọkọ mi fi ń wẹ̀. Ẹṣin ta báàfù kan nípàá, yìnyín fọ́n ká, bàbá yọ̀ gẹẹrẹ, ó fi ìdí lélẹ̀ sáàárín ẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwa yòókù ò lè mú un mọ́ra mọ́.

Dókítà dé, ó ti rọ́bà gba imú ẹṣin dé inú, ó fọ̀ ọ́, ó rọ òróró sí i. Ó ní tó bá ti yàgbẹ́, ká máa dúpẹ́. La bá jókòó. Ẹni tó ń kọjá bi wá pé kí la ń dúró dè.

"Ìgbẹ́ ni," ìyá ológì dá a lóhùn.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ẹṣin gbé ìrù sókè.

"Ó ti dé o!"

Áà, ariwo! Bàbá tó tó bí dókítà lọ́mọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Mo jó títí ìró mi fi fẹ́ẹ̀ bọ́, ẹṣin sì ń wò wá bí ẹni tó ṣìnà dé ilé wèrè. A ṣì ń pààrọ̀ yìnyín dọjọ́ kejì, kò sì yarọ.

Ilé ara wa là ń gbé báyìí, n ò sì mọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa. A ti ṣe ìkómọ, a ti ṣílé, mo sì dúpẹ́. Síbẹ̀, n ò tíì tún rí ọjọ́ tí àgbà àti ọmọdé yọ̀ báyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà ta ló ń wo òun.