Èyí Kékeré àbí Èyí Ńlá

Adébánjí Ọlágòkè mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó, àmọ́ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ló ń fi jẹun. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfò, ó ń bá àwọn tó ń wáṣẹ́ tẹ̀wé, ó ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, títí ọjọ́ orí rẹ̀ fi lé ní ogójì ọdún. Àwọn tó tẹ ìwé ìwáṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń padà wá tẹ káàdì ìgbéyàwó. Òun ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, Yọ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń gbé ní Arepo, yà kí i. Yọ̀mí ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ní iléeṣẹ́ kan l'Ékòó.

"Bánjí, físà mi ti jáde. Tí òjò bá fi máa dá, mo ti jápa. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́, ìwọ lo máa jókòó sórí àga mi. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ ni sáátífíkéètì Linux, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ti tó."

"Méjì ló wà. Èwo ni kí n ṣe nínú wọn?"

"Èyí tó bá wù ẹ́! Ṣáà ti ṣe ọ̀kan."

Linux, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe ti olówó kankan: ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un tò bó ṣe wù ú. Ó ti pẹ́ tí Adébánjí ti ń lò ó. Ìdánwò kékeré kò le, ẹni tó bá sì ti yege, ìwé rẹ̀ di tirẹ̀ títí ayé. Ìdánwò ńlá le, ó wọ́n, agbára ìwé rẹ̀ sì máa ń tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àmọ́ òun ni orúkọ rẹ̀ dún jù létí àwọn agbanisíṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mú ọ̀kan lọ́kàn yín báyìí. Adébánjí kò rí i mú.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ifọ̀ ni ejò ti bu Adébánjí jẹ. Nígbà tí òun àti Olúwadárasími ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ lówó lọ́wọ́, òun nìkan ló lọ wo ilẹ̀ kan níbẹ̀, òun nìkan ló mú un, nítorí pé ẹni tó ń tà á mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ti kọ́lé dé orí fèrèsé kí ẹni tó ti kọ́kọ́ ra ilẹ̀ náà tó gbé katakata dé, tó sì wó o palẹ̀. Dárasími jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó fọ́. Kò sunkún, kò bú ọkọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ ò bi Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ náà dun Adébánjí ju èébú lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pinnu pé àwọn ò ní mú nǹkan kan mọ́, ì báà jẹ́ kọ́tìnì, àfi bí ọkàn àwọn méjèèjì bá balẹ̀ sí i lẹ́yìn àdúrà.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọkàn Adébánjí kọ́kọ́ balẹ̀ sí èyí kékeré. Àfi bí Dárasími ṣe lá àlá pé ọkọ òun ń gun àkàbà gíga kan.

"Dádì Jésùlayọ̀mi, àkàbà gíga kọ́ ni kékeré o."

Ó yíjú sí èyí ńlá. Kò tíì ka ìwé rẹ̀ dé ìdajì tí ẹ̀rù fi bà á, ó ní bóyá ẹ̀rù yẹn gan-an ni àmì pé kóun má ṣe é. Wọ́n tún gba ààwẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ń bíni nínú. Ṣé Ọlọ́run tó fún èèyàn lọ́pọlọ ló tún máa wá bá a lò ó ni?

Lákòókò yẹn ni Fadilah, ìyàwó Sùlèímọ́nù tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní òdìkejì títì, máa ń wá lo kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti jáde pólì, kò ríṣẹ́. Adébánjí ló kọ́ ọ ní Linux, nígbà tí oníbàárà ò bá sí. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nínú ìdánwò méjèèjì yìí, èwo ni kí n ṣe?"

"Kékeré." Adébánjí ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi ìwé tó ń tẹ̀. "Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí lo fẹ́ fi ńlá ṣe? Lọ forúkọ sílẹ̀ lónìí."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Fadilah forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, Adébánjí fi tipátipá gbà pé èyí ńlá lòun máa ṣe. Dárasími ní kí àwọn gbé ìwé tó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Mowé, kí pásítọ̀ ta òróró sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí físà àti ìwé ilẹ̀. Pásítọ̀ gba ìwé náà, ó rí àmì Linux lára èèpo rẹ̀: ẹyẹ dúdú oníkùn funfun, tó jókòó gẹlẹtẹ.

"Brọ́dà Bánjí, ẹyẹ wo nìyí?"

"Ẹyẹ ilẹ̀ olótùútù ni, sà. Kì í fò."

Pásítọ̀ dá ìwé náà padà fún un. "Ẹyẹ tí kì í fò, lórí ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fi gòkè? Ẹ jẹ́ ká tún gbé e síwájú Olúwa ná."

Èèyàn dáadáa ni pásítọ̀, kò ní kó má ṣe é. Adébánjí sì lè ṣàlàyé pé àwòrán lásán ni. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù Ifọ̀ ló ń rí lójú rẹ̀, ó ní, "Àmín, sà." Ká sòótọ́, ara tiẹ̀ tù ú. Kò tíì di dandan kó mú ọ̀kan.

Òjò dá. Yọ̀mí pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan.

"Bánjí, ọ̀gá ń fẹ́ orúkọ lónìí. Ṣé ó ti wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò tíì sí."

"Háà! Èwo lo wá ń ṣe látọjọ́ yìí?"

Adébánjí ṣí ìwé ìdánwò ńlá náà, ó tún pa á dé. Yọ̀mí mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ṣé o mọ ẹnì kankan ládùúgbò yẹn tó ní in?"

Adébánjí fúnra rẹ̀ ló tẹ sáátífíkéètì Fadilah jáde, òun ló fi ọ̀rá bò ó kó má bàa fàya. Ó wù ú kó sọ pé òun ò mọ ẹnì kankan.

"Fadilah ní in," ó ní, ó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún un.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba Fadilah síṣẹ́ náà. Ó gbé ọsàn àti mọ́ọ̀tì wá, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ mí dèèyàn. Ẹ ò ní ṣìnà láéláé. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Èwo lẹ wá mú nínú méjèèjì?"

"A ṣì ń gbàdúrà sí i."

"Ọlọ́run á gbà á o." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Adébánjí ṣe àmín. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí àga mẹ́wàá bá tún ṣófo, òun ò ní lè mú ọ̀kan nínú ìdánwò méjèèjì. Ẹnì kan ti dúró lẹ́yìn Fadilah, ó fẹ́ tẹ ìwé ìwáṣẹ́. Adébánjí bá a tẹ̀ ẹ́.