Dáì Bàbá Aládùúgbò Mi

Ẹ bá mi kí ọkùnrin tó ń kun ewú orí rẹ̀ ní dúdú. Akọni ni. Irun rẹ̀ dúdú ju ti ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò mọ̀, ojú kò sì tì í.

Ọ̀kan nínú irú àwọn akọni bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wa jọ fara kanra ní àdúgbò Clear Lake níbí lókè òkun. Nígbà tí àìsàn mú wọn, tí wọ́n ń rù lójoojúmọ́, wọn ò bá a jà. Wọ́n ní aṣọ lásán ni ara, tó bá gbó, èèyàn á bọ́ ọ. Iṣẹ́ tó kù ni kéèyàn jọ̀wọ́ gbogbo nǹkan, torí ohun tó bá wà lọ́kàn ẹni nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ ló ń sọ ohun tí onítọ̀hún máa tún ayé wá jẹ́. Wọ́n fún ọmọ wọn ní aago ọwọ́, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ ìgékoríko. Omi odò Gáńjìsì, odò mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n máa kán sí wọn lẹ́nu níkẹyìn.

Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá jọ̀wọ́, àfi dáì.

Ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Màmá, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní bá wọn kun irun.

“Tó bá jẹ́ dáì lẹ̀ ń rò lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹyẹ dúdú tó ń ṣa ọ̀dùnkún díndín jẹ níwájú mall lẹ máa padà wá jẹ́.”

Bàbá ní, “Tí ẹ bá kùn ún, mo máa gbàgbé rẹ̀. Tí ẹ ò bá kùn ún, òun nìkan ni mo máa máa rò. Èwo lẹ fẹ́?”

Màmá wò mí. Èmi tí mo gba oyè méjì ní yunifásítì tẹjú mọ́ ìgò omi Gáńjìsì. Ni Màmá bá ní kí n lọ ra dáì wá.

Mo gbé orí Bàbá dání, ó ti fúyẹ́, Màmá sì kùn ún. Bàbá gba dígí, wọ́n wo irun wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n nà án sí mi.

“Gbà, mi ò nílò èyí náà mọ́.”

Wọn ò sì dárúkọ irun mọ́ títí tí wọ́n fi lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Màmá sọ fún mi pé orúkọ Ọlọ́run ló jáde lẹ́nu wọn kẹ́yìn.

Ìdajì dáì náà ṣẹ́kù. Màmá ní kí n bá wọn dà á nù. Mo gbé e lọ sílé, mo gbé dígí Bàbá síwájú, mo sì fi kun ewú orí tèmi.