Pọ́ǹpù Tó Ń Da Omi Ìpáàrà

Ọjọ́ tí Ìyá Rábì da omi sí mi lẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù abà yẹn ti kọjá ohun tí sípánà nìkan lè yanjú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé alùpùpù mi dúró ni. N kò tíì kí ẹnikẹ́ni tán tí obìnrin náà fi gbé korobá jáde láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó sì dà á sílẹ̀ níwájú bàtà mi. Omi náà pupa rúsúrúsú.

"O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá pọ́ǹpù," ó ní. "Wo omi rẹ. Ògì tí mo fi sẹ́ lánàá, bí ẹni po amọ̀ ni. Ta ni n ó ta ẹ̀kọ dúdú fún?"

Ẹlẹ́kọ ni Ìyá Rábì, òun sì ni àwọn obìnrin abà náà ń wò kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Èmi ní tèmi, òṣìṣẹ́ omi ni mí. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ gbé mi lọ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, pé kí n máa tọ́jú àwọn pọ́ǹpù tí wọ́n rì sí àwọn abà apá Ìrẹsà àti Ìkòyí-Ilé. Pọ́ǹpù wọ̀nyí kò ní ẹ́ńjìnnì. Irin gígùn kan wà lókè tí èèyàn ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ṣéènì ló so irin náà mọ́ àwọn ọ̀pá tó gba inú páìpù wọ ilẹ̀ lọ, ní ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni awọ róbótó kan wà tó ń fa omi sókè. Yàtọ̀ sí awọ yẹn, irin ni gbogbo rẹ̀, inú omi ló sì ń gbé tọ̀sán tòru.

Alàgbà ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, nítorí ipò rẹ̀ nínú ìjọ Aládùúrà. Bí irin bá dógùn-ún, àwa yòókù á ní ó dógùn-ún, ṣùgbọ́n ìpáàrà ni òun ń pè é bí Bíbélì ṣe pè é, ó sì kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá tú orí pọ́ǹpù, búrọ́ọ̀ṣì onírin la ó fi ha á títí irin yóò fi máa dán. A ó fi kẹrosíìnì nù ún, a ó jẹ́ kó gbẹ, ká tó fi gíríìsì pa ṣéènì àti ibi tí irin ti ń gbo irin.

"Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́," Alàgbà á wí. "Gíríìsì kì í ṣe ọbẹ̀. Tó bá ti pọ̀ jù, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, iyanrìn yẹn ni yóò sì jẹ ṣéènì náà run."

Nísàlẹ̀ tí omi mímu ń gbà, a kò gbọdọ̀ fi gíríìsì kan ibẹ̀ rárá. Búrọ́ọ̀ṣì àti agbára apá nìkan la ní fún ìpáàrà ibẹ̀.

Kí n sọ ohun tó jẹ́ kí omi pupa yẹn dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kí pọ́ǹpù tó dé, odò kan tí kò ṣàn ni àwọn èèyàn náà ń mu, sòbìà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí sòbìà rí kò lè mọ̀ ọ́n. Aràn funfun gígùn bí òwú ni, tó ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá mu ún lónìí, bí ẹ̀ẹ̀mọ́dún ni yóò yọ lára rẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ oko bá sì dé ló máa ń yọ. Rábì, ọmọ obìnrin tó da omi sí mi lẹ́sẹ̀ yẹn, ń tiro nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí ògì, ìyá rẹ̀ ti padà sódò. Níbi tí ẹlẹ́kọ bá ti ń pọnmi, gbogbo abà ni yóò tẹ̀ lé e. Mo rí àwọn obìnrin tó ru korobá bọ̀ láti ọ̀nà odò lọ́jọ́ náà.

Mo pinnu pé n kò ní gbà. Mo lọ pe Alàgbà wá, a fa gbogbo ọ̀pá àti páìpù jáde, a ha wọ́n títí èékánná wa fi pupa, a tò wọ́n padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà omi mọ́ gaara, mo sì mu ún lójú gbogbo wọn. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn náà, wọ́n ní pupa ló ń dà. A tún tú u, a tún ha á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún ń sọ. Inú bí mi gidigidi. Mo sọ fún Alàgbà pé àwọn obìnrin yẹn kàn fẹ́ràn odò wọn ni, irọ́ ni wọ́n ń pa.

"Ìgbà wo lo máa ń tọ́ omi náà wò?" Alàgbà bi mí.

"Ọ̀sán ni, sà. Tí a bá ti ṣiṣẹ́ tán."

"Ìgbà wo làwọn ń pọn ọ́n?"

N kò mọ̀. Ó ní kí n lọ sùn síbẹ̀.

Ilé Sùfíyánù bíríkìlà ni mo sùn. Òun nìkan ló ń mọ búlọ́ọ̀kù lábà náà, àwọn obìnrin sì ti lé e nídìí pọ́ǹpù tipẹ́ pé ó ń fi omi ṣòfò. Àwọn tó kírun àsùbáà kò tíì jáde ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí Ìyá Rábì ti dé ìdí pọ́ǹpù, òun nìkan, kó lè fi omi náà hàn mí. Ó tẹ̀ ẹ́, korobá kún, omi pupa.

"Ṣé o rí i báyìí?" ó ní.

"Mo rí i, mà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

"Kí n máa tẹ omi dànù láàárọ̀ kùtù? Ìwọ wá tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀, mo ń dà á nù, òun náà káwọ́ lérí, ó ń wò mí bí ẹni wo wèrè. Díẹ̀díẹ̀ omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò, pupa rẹ̀ ń lọ, nígbà tó yá ó mọ́ bí omi òjò. Ìgbà yẹn ló yé èmi náà. Omi tó bá sùn mọ́jú nínú páìpù ló ń jẹ irin, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ló ń gbé ìpáàrà náà lọ sílé. Àwọn tó ń pọnmi nígbà tí oòrùn bá yọ kò rí i rárá.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Láti kékeré mi," ó ní, "ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó tòrò. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìwọ wá ní kí n máa pẹ́ dé?"

Òótọ́ ló sọ. Ní odò, ẹni tó bá jí ló ń bá omi kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tó dà á rú. Gbogbo ẹlẹ́kọ abà náà ló ń fi jíjí yẹn yangàn, òun ló sì ń bà wọ́n lógì jẹ́. Kò gbà á lẹ́nu mi, ó ní ògì ni yóò sọ. Ó pọn omi tó mọ́, ó fi sẹ́ ògì rẹ̀, mo sì dúró títí ògì náà fi tòrò dáadáa. Nígbà tó ṣí i, funfun báláú ni. Ó rẹ́rìn-ín, inú mi dùn dé egungun.

Ọ̀ràn kan ló kù. Ta ni yóò máa jí tẹ omi ìpáàrà dànù fún àwọn yòókù? Ìyá Rábì ní òun kọ́ ni òun ó máa jí fún ọ̀lẹ. Bí òun àti àwọn obìnrin yòókù ṣe ń jiyàn, Sùfíyánù dìde.

"Ẹ̀yin lẹ lé mi," ó ní. "Búlọ́ọ̀kù tèmi kò mọ omi pupa yàtọ̀ sí funfun."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n lé ló ń kọ́kọ́ dé ìdí pọ́ǹpù. Kó tó lọ kírun àsùbáà, á tẹ omi sínú dúróòmù rẹ̀ títí yóò fi mọ́. Mo fún un ní gíríìsì pé kó máa fi pa ṣéènì. Ó fi pa ṣéènì, ó fi pa bóòtù, ó tún fi pa irin tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú. Ọwọ́ àwọn èèyàn ń yọ̀, gíríìsì sọ ìró àwọn obìnrin di dúdú.

"Sùfíyánù," Ìyá Rábì bi í, "ṣé o fẹ́ din pọ́ǹpù yìí ni?"

Ìgbà tí iṣẹ́ ebè tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ pààrọ̀ awọ ìsàlẹ̀ tó ti gbó. Ó gba kí àwọn ọkùnrin bá mi gbé páìpù. Mo dé abà, kò sí ẹnì kan. Mo fọn fèrè alùpùpù títí, inú ti ń bí mi, àfi Ìyá Rábì tó yọjú, tó ń di ẹ̀kọ.

"Níbo ni wọ́n wà, mà? Mo ti ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀."

"Wọ́n wà lóko."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Ta ni yóò jókòó sílé? Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Ó padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ìgbà yìí gan-an ni sòbìà máa ń dá wọn jókòó sílé tẹ́lẹ̀. Ìbínú náà kúrò lára mi. Mo jókòó sábẹ́ igi títí oòrùn fi ń wọ̀ tí wọ́n fi ń ti oko bọ̀, ọkọ́ léjìká, Sùfíyánù ló ṣíwájú. Mo dìde, mo kí wọn kú àbọ̀ oko, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò.