Ọdún Tí A Ń Ṣèpàdé Lórí Apá Ọmọ Topo

Mo rántí ìró bọ́ọ̀lù yẹn nígbà tó bá wọnú ìbọ̀wọ́ aláwọ: gbòà! Ó máa ń dún dé títì, àwọn ọlọ́kadà á sì yíjú padà wò bóyá táyà ẹnìkan ló bẹ́. Tíṣà eré ìdárayá ni mí nígbà náà ní ilé ìwé kan ní Badagry. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Ẹnìkan láti òkè òkun ló fi àpótí irinṣẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan ta ilé ìwé wa lọ́rẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Mo wo fídíò lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Kóòṣì.

Eré náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, ẹnìkejì á dúró pẹ̀lú igi láti gbá a. Bí ẹni tó ń jù ú bá lè mú kó yára débi pé onígi kò ní rí i, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Mi ò ní ajùbọ́ọ̀lù kankan títí di ọjọ́ tí mo wọkọ̀ ojú omi lọ ra ẹja ní Topo. Ìyá àgbà kan sá ẹja sórí àtẹ. Àwòdì kan já wálẹ̀, ó gbé ọ̀kan, ó gbéra. Ọmọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi kò tilẹ̀ dìde tán tó fi sọ òkúta sí i. Àwòdì já ẹja sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kan sì ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbàgbé ẹja tí mo wá rà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá àgbà yẹn ló bí ìyá rẹ̀, òun náà ló tọ́ ọ. Nígbà tí mo bi í léèrè ilé ìwé tó ń lọ, ó ní, “Ti yín ni, sà.” Ọdún mẹ́ta ló ti ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi.

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan tí kò wo bésíbọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀ fi ara rẹ̀ jẹ Alága ẹgbẹ́ wa. Ó ra ẹ̀rọ kan wá láti Kùtọnú, tó dà bí ìbọn, tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ka máìlì méjìlélọ́gọ́rin láàárín wákàtí kan. Alága fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́. Láti ọjọ́ náà, a ò kí ọmọ yẹn mọ́. Ohun tí a máa ń sọ bí a bá rí i ni, “Mélòó ni lónìí?”

Ó ń jù lọ́jọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì fún ìdánrawò. Ó ń jù ní Sátidé fún ìdíje. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, Alága á kó àlejò dé: “Kóòṣì, jẹ́ kó ju mẹ́ta péré fún wọn.” Mẹ́ta Alága kì í sì dín ní ogún. Èmi ní ìwé kan tí mo ń kọ iye bọ́ọ̀lù tó jù sí, nítorí mo gbọ́ nínú fídíò pé apá ọmọdé ní òṣùwọ̀n. Ti ìdíje nìkan ni mo ń kà. Ti ìdánrawò, mo ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ti àlejò Alága, mo ní ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ìwé mi mọ́ tónítóní.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ka méjìdínlọ́gọ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ka mẹ́rìnléláàádọ́rin. A ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Alága dá a padà sí Kùtọnú, wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ó padà dé, ó sì ka àádọ́rin. Ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù Alága.

Bí Ìgbìmọ̀ Amójútó Apá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn méje ni wá, a ní akọ̀wé, a ní àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Ẹnìkan ní kí ọmọ náà máa jẹ ẹyin mẹ́fà láàárọ̀. Ẹnìkan ní kó máa sáré dé Kankon kó sì sáré bọ̀. Aṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìntì ní kí a ṣèwádìí bóyá ó ti ń tẹ̀lé obìnrin. Alága ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Ọmọ náà jókòó síta, ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò tí a rà fún un. Nígbà tí mo jáde, ọwọ́ òsì ló fi na ìgò òfìfo náà sí mi. Mo bá a wí gidigidi. Mo ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé ni.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé ẹnìkan tó ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ajùbọ́ọ̀lù lọ sí òkè òkun yóò wá wò ó ní Sátidé. Mo wọkọ̀ lọ sí Topo láti lọ fún ìyá àgbà níròyìn ayọ̀. Mo bá ọmọ náà nínú omi, ó ń fi ọwọ́ òsì da àwọ̀n. Àwọ̀n náà kò tàn, ó ń ṣùjọ bọ́ sómi bí aṣọ tútù. Mo dúró.

“Mì kúàbọ̀, Tíṣà,” ni ìyá àgbà wí. Ègùn ni, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń rọra jáde. “Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ọmọ mi ń ju nǹkan yín yẹn lọ́sẹ̀?”

Mo fi ìwé mi hàn án. Kò wò ó.

“Àwọ̀n tó ń dà láàárọ̀ kó tó wá bá yín, ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń bá a wọ ẹ̀wù. Àwọ̀n gan-an, bí a bá lò ó lónìí, a máa ń sá a lọ́la. Ẹ̀yin kì í sá ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tẹ ìgúnpá rẹ̀, omi bọ́ lójú ọmọ náà láìké. Dókítà ní oṣù mẹ́rin ni kò gbọdọ̀ fi ju ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣan ibẹ̀ lè já. Mo lọ bá Alága. Ó ní, “Oṣù mẹ́rin? Ṣé Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i ni?” A jọ sọ̀rọ̀ títí, ojú sì ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀: mo gbà pé kó ju mẹ́wàá péré.

Ní Sátidé, pápá kún. Ó ju àkọ́kọ́: méjìdínláàádọ́rin. Ó ju èkejì: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àlejò kọ nǹkan sínú ìwé. Ọmọ náà mú ẹ̀kẹta, ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú, ó ń wò mí. Ẹsẹ̀ mi gbéra kí ọkàn mi tó pinnu. Mo gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kóòṣì! Kí lò ń ṣe?” Alága ti dìde.

“Ó ti tó, sà.”

“Ta ló wá máa jù ú?”

Mi ò tíì ro ìyẹn. Mo ní, “Èmi.”

Bọ́ọ̀lù mi àkọ́kọ́ fo ògiri kọjá, a gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù ẹnìkan. Èkejì dé ibi tó ń lọ, ẹ̀rọ sì ka mọ́kànlélógójì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo ju ọgbọ̀n, kí ìdíje lè parí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè kọ̀wé sójú pátákó.

Àlejò kò mú ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà ìyọnípò mi gẹ́gẹ́ bíi Kóòṣì dé, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ ìgbìmọ̀ lèmi náà, ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní bírò. Kò pé ọdún kan tí ẹgbẹ́ náà fi túká. Alága gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí iwájú ilé, ó ń ka eré àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Ìyá àgbà kò jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan àjẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Apá rẹ̀ san, ṣùgbọ́n kò yára bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ó kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ báyìí, tó ń ná Badagry sí Topo. Mo wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, mo bi í léèrè ìgbà tí apá náà kọ́kọ́ dùn ún.

Ó ní, “Oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú, Kóòṣì.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìbínú níbẹ̀. “Ẹ ò bi mí. Inú yín sì ń dùn.”

Igbá kejì ọ̀gá ilé ìwé ni mí báyìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn Sátidé yẹn fún àwọn tíṣà kéékèèké, bí mo ṣe gba apá ọmọ kan là lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ tí mo ti wọkọ̀ yẹn, mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.