Òkèlè Àkọ́kọ́ Nínú Omi Iyọ̀

Adó-Èkìtì kò lókun, kò lọ́sà, ṣùgbọ́n omi òkun wà ní pálọ̀ mi ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Èmi ni mò ń pò ó fúnra mi nínú ike ńlá lẹ́yìn ilé ìdáná: omi tí mo ti sẹ́ dáadáa, àti iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú táǹkì gíláàsì ni mò ń rọ ọ́ sí fún àwọn ẹja kéékèèké àti iyùn mi. Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn. Kó tó di ohun tí à ń so mọ́ ọrùn, ẹlẹ́mìí ni. Á lẹ̀ mọ́ òkúta, á máa na ọmọ ìka wẹ́wẹ́ síta bí ẹni ń tọrọ nǹkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni ọmọ Èkìtì tó ń sin ẹja tí kò ní sè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló le jù níbẹ̀. Ẹja á jẹ, á yàgbẹ́. Ìgbẹ́ yẹn àti àjẹkù wọn á di ajílẹ̀ nínú omi. Bí ajílẹ̀ náà bá kéré jù, iyùn á ṣá. Bó bá pọ̀ jù, ewé yíyọ̀ kan á hù bo òkúta, iyùn á pa ọwọ́ mọ́, á sì kú. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, mo máa ń kán oògùn àyẹ̀wò sí i, mo sì máa ń wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ara mi á balẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ní Ìjan ni mo mú màmá mi wá sọ́dọ̀. Kò ṣàìsàn. Kò kàn jẹun ni. Ìyàwó mi á gún iyán funfun báláú, màmá á jẹ òkèlè méjì, á dúpẹ́, á ṣan ọwọ́. Láti kékeré mi, n kò rí i rí kí ó fọwọ́ kan oúnjẹ kí bàbá tó jẹ òkèlè àkọ́kọ́. Bàbá á gbé e mì, á ní, "Ó yá o," ìgbà náà ni màmá á tó bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ó yá. Ìró màmá ń tóbi jù ú lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé a ó tún padà sí Ìjan lọ gbẹ́ ilẹ̀.

Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó ní kí a máa gbé oúnjẹ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, òun fẹ́ràn láti máa wo àwọn ẹja. Àwo ń padà sí ilé ìdáná lófìfo. Mo jó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi tí kì í jó.

Àmọ́ omi mi bàjẹ́. Ìgò kékeré pọ́n bí sóbò. Mo pààrọ̀ omi, mo dín oúnjẹ ẹja kù, mo fọ póǹpù, mo tún bínú sí iyọ̀. Ó ṣì ń pọ́n. Iyùn tó tóbi jù kó ọwọ́ rẹ̀ wọlé, kò nà án mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́, mo padà wọlé. Màmá jókòó síwájú táǹkì. Ó bu òkèlè iyán, ó fi run ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó ṣí ọmọrí táǹkì, ó sì jù ú sínú omi. Àwọn ẹja sáré bò ó. Epo tàn kálẹ̀ lójú omi òkun mi. Màmá dúró títí wọ́n fi jẹ díẹ̀, ó ní, "Ó yá o," ó sì bu tirẹ̀ sẹ́nu.

Ẹnu mi yá ju làákàyè mi lọ. "Màmá, iyán kẹ̀! Ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

"Èmi? Ẹnìkan kì í jẹ kí ilẹ̀ fẹ̀, ọmọ mi. Mi ì lè dá jẹ uyán."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi yé. Ó rọra dé ọmọrí padà, ó bẹ àwọn ẹja, ó ṣan ọwọ́. Lọ́sàn-án, òkèlè méjì. Lálẹ́, òkèlè méjì. Bí mo bá dá a dúró, ebi á pa á. Bí mo bá fi í sílẹ̀, iyùn á kú. Ká sòótọ́, mo ti gbà kí iyùn kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi tí mo máa ń jẹ búrẹ́dì nínú ọkọ̀ gbé àga síwájú màmá. Mo ṣan ọwọ́, mo bu òkèlè, mo gbé e mì.

"Ó yá o, Màmá."

Ó wò mí títí. "Bí bàbá rẹ ṣe ń sáré gbé e mì gẹ́lẹ́ nìyẹn," ló sọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi sì ń ráhùn. Oúnjẹ ẹja díẹ̀ báyìí ni màmá ń fún wọn lẹ́yìn tiwa. Ìgò kékeré ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, iyùn ńlá sì ti ń na ọwọ́ padà.

Lánàá, mo pẹ́ ní bàlùwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, iyán ti ń tutù, màmá kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Ṣe kíá, ọmọ mi," ó ní. "Ebi ń pa mí."

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo jókòó, mo bu òkèlè.