Ìwé Ìtàn Òfurufú Láti Ilé Kan Ní Forest Hill

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo dé Peckham ní London, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Aunty. Fúláàtì káńsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn Rye Lane, lórí àjà kẹta. Ní kùtùkùtù, mo máa ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì kan ní New Cross, tó bá sì fi máa di aago mẹ́sàn-án, mo ti ṣe tán. Ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù kan wà nítòsí ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ibẹ̀ ni mo máa ń yà sí nítorí òtútù.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ìwé náà, nínú páálí kan tí wọ́n gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tó bí ogójì ojú ewé, pín-ìn-nì méjì ni wọ́n fi so ó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yíǹkì rẹ̀ sì ń ràn mọ́ni lọ́wọ́. Ẹnì kan ló jókòó sílé ara rẹ̀ tó ṣe é. Ìtàn ló wà níbẹ̀, ìtàn àwọn èèyàn tó fi ayé yìí sílẹ̀ lọ tẹ̀dó sáàárín ìràwọ̀, àti ti ẹ̀rọ tó kọ́ bí a ti ń sunkún. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama nílé ni mo ti fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, mo sì ti rò pé èmi nìkan ni. Àmọ́ lẹ́yìn ìwé náà ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé wà, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn bí ọmọ ìyá. Olóòtú kọ ọ́ sójú ewé tó kẹ́yìn pé òun kì í tà á: ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń bọ̀, kó fi ìtàn, àwòrán tàbí lẹ́tà ránṣẹ́. Forest Hill ni olóòtú náà ń gbé. Bọ́ọ̀sì kan péré ló máa gbé mi débẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ. Mo kọ orúkọ bàbá mi sísàlẹ̀, mo sì gé tèmi kù sí álífábẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí èsì fi dé, ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n fi taipuráítà tẹ̀. Wọ́n pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni, èmi obìnrin. N kò tún un ṣe. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan kékeré ni, nígbà tó sì yá, ó ti pẹ́ jù láti sọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni.

Nígbà náà íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ilé ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Lẹ́tà náà wá di púpọ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, Aunty fi àpòòwé tó dé kẹ́yìn lélẹ̀ níwájú mi, wọ́n bèèrè ọkùnrin tó ń kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Mo ní ìwé la jọ ń ṣe. Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé ìwé ọ̀hún wá, kí n kà á sí wọn létí. Mo jókòó, mo ń kà á, mo ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ọkọ̀ òfurufú kan ni, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà nínú rẹ̀, igba ọdún ni wọ́n máa lò lójú ọ̀nà. Aunty, tí n kò rí i kí ìrun kan fò wọ́n rí, káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń gbọ́. Mo kà á tán.

“Àwọn èèyàn inú ọkọ̀ yẹn,” ni wọ́n wí, “tí wọ́n bá fẹ́ kírun, ibo ni gábàsì wọn, ibo ni wọn yóò kọjú sí?”

Mo ní ẹni tó kọ ọ́ kò ro ibẹ̀ dé.

“A jẹ́ pé kò tíì kọ ọ́ tán nìyẹn. Ìwọ kọ ọ́.”

Bí mo ṣe kọ ìtàn tèmi nìyẹn. Ìyá àgbà kan wà nínú ọkọ̀, ojoojúmọ́ ló ń lọ sídìí fèrèsé ẹ̀yìn láti wo oòrùn tiwa, tó ti kéré bí ìràwọ̀ yòókù, títí di ọjọ́ tí kò rí i mọ́, tí àwọn ọmọdé wá bi í léèrè ibi tí wọn yóò kọjú sí. Mo fi òwe àti àdúà sí i ní Yorùbá. Taipuráítà olóòtú kò ní àmì ohùn wa. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ lásán, wọ́n kọ̀wé bi mí ní ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì fi bírò to gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà rí láyé. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣì í: àmì bọ́ lórí “ọkọ̀”, ọkọ̀ òfurufú sì di ọkọ òfurufú. Aunty rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́tà dé lórí ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin kan láti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé pé kó tó dìgbà yẹn, ọmọ aráyé yóò ti kọjá àdúà gbígbà, pé ẹrù lásán ni ìyá àgbà náà jẹ́ fún ọkọ̀. Ó dùn mí. Olóòtú tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láìyọ nǹkan kan kúrò, wọ́n kàn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí kò bá gbà ní àyè nínú ìwé tó ń bọ̀. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Òun náà dáhùn. Ó tó ọdún kan tí a fi jiyàn, èmi àti ẹni tí n kò rí rí, kò sì sí ẹni tó bú ẹnì kejì.

Lóṣooṣù, àwọn òǹkàwé máa ń pàdé ní yàrá òkè ilé ọtí kan. Wọ́n pè mí. Mo dáhùn pé èmi kì í wọ ilé ọtí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Níbi iṣẹ́, àwọ̀ ara mi ló ń ṣáájú mi wọlé. Nínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ mi ló ń ṣáájú. N kò fẹ́ pàdánù èyí.

Mo ṣègbéyàwó, mo bímọ, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Lẹ́tà mi dín kù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan dé tí wọ́n fọwọ́ kọ, ìlà ń gun orí ìlà. Olóòtú sọ pé ojú àwọn ń fọ́ lọ, ìwé náà kò ní jáde mọ́. Wọ́n ní tó bá rọrùn fún mi, kí n wá ka nǹkan fún àwọn. Mo fi lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara ọmọ kò yá, wọ́n yí ṣíìfù mi padà, Ràmàdáànì dé. Oṣù mẹ́rin kọjá.

Aunty ló bi mí nípa ọkùnrin Forest Hill. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, “Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ to àmì sórí ọ̀rọ̀ wa.” Wọ́n dìde, wọ́n mú kóòtù wọn. A jọ lọ ni.

Ẹ̀gbọ́n olóòtú tó jẹ́ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Olóòtú jókòó sídìí fèrèsé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ súẹ́tà méjì léra. Mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

“Obìnrin ni ẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọdún mẹ́fà. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ẹ. Ìwọ ò wá lè sọ ẹyọ kan yìí.”

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n bèèrè bóyá àwọn ṣe ohun tó lè dẹ́rù bà mí rí. Mo ní rárá. Aunty ní kí n túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Aunty ní kí n sọ fún olóòtú pé ìwé la wá kà.

Mo kàwé lọ́jọ́ náà. Gbogbo Sátidé fún oṣù mẹ́rìnlá ni mo ń lọ. Olóòtú ò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́. N kò mọ̀ bóyá wọ́n dárí jì mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ti dé, àga ti wà nílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Ìgbà òtútù ni wọ́n kú. Mẹ́sàn-án la wá síbi ìsìnkú náà, òǹkàwé ló pọ̀ jù, a kò sì mọ ojú ara wa. Ìlú la fi ń sọ ara wa: èmi ni ti Peckham, èmi ni ti ibi báyìí. Bàbá kan tó fi ọ̀pá rìn wá bá mi. Kó tó parí gbólóhùn kan, mo ti mọ̀ pé òun ni ti àríwá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bèèrè bóyá ìyá àgbà yẹn rí ibi tó kọjú sí. Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀ mọ́.

A ṣe ìwé kan sí i nínú ilé olóòtú, èyí tó kẹ́yìn. Àwa mẹ́fà ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn léraléra, Aunty ń yí tábìlì ká, wọ́n ń ṣa bébà jọ lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ nípa olóòtú ló kún inú rẹ̀. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ ní kíkún. A fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àdírẹ́ẹ̀sì wọn.

Ọmọ mi obìnrin máa ń sọ báyìí pé nínú ìṣẹ́jú kan lórí fóònù, èèyàn á ti rí ẹgbẹ̀rún ẹni tó fẹ́ràn irú ìtàn yẹn. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà wà níbẹ̀. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn fún ọdún kan níbẹ̀ rí.

Èsì sí ìwé tó kẹ́yìn ń dé sí Forest Hill fún bí ọdún kan. Sátidé ni èmi àti ẹ̀gbọ́n olóòtú máa ń jókòó ṣí wọn, tí a máa ń dáhùn. Ó dín kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó dín kù sí ọ̀kan. Sátidé kan wá dé tí wọ́n pè mí lórí fóònù pé kò sí lẹ́tà kankan. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ náà. A mu tíì, wọ́n fi fọ́tò tí olóòtú yà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá hàn mí.